Ìgò omi ọmọ mi ń padà wálé ní kíkún: báwo ni kí n ṣe bá àwọn antí jẹ́lé-ó-sinmi sọ ọ́?

Ìyá Àkọ́bí, Iléṣà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbí, mo kí yín o. Ìlú Iléṣà ni mò ń gbé, mo sì ń ta aṣọ ní ìtòsí Ọjà Àtakúmọ̀sà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Láti ìgbà tí ó ti ń rá ni mo ti ń gbé e lọ síbẹ̀, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí wọn lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀: àyíká wọn mọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, ọmọ náà kì í sì í sunkún bí mo bá fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò ní kíláàsì àwọn tí ń lo ìlédìí lọ sí kíláàsì àwọn tí ń wọ pátá ni nǹkan yí padà.

Ohun tí mò ń rí ni pé ìgò omi tí mo bá dì fún un láàárọ̀ máa ń padà wálé bí mo ṣe dì í. Mo fi báírò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ìgò náà níbi tí omi dé, nígbà tí mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, omi náà ṣì wà lórí ìlà yẹn gan-an. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò ní jẹ́ kí n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí ó tó sáré lọ tọ̀, ìtọ̀ náà a sì pọ́n, a máa rùn. Nígbà mìíràn kì í dé ibẹ̀ tí ó fi ń tọ̀ sára. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà ti le, ó sì máa ń sunkún bí ó bá ń yà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń wẹ̀ fún un, mo gbọ́ tí ó ń bá bèbí ìṣeré rẹ̀ wí pé, "Ìwọ tọ̀ sára, a ò ní bá ẹ ṣeré." N kò mọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, n kò sì fẹ́ fi ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn ni pé ìjọ kan náà ni èmi àti ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lọ, àgbà sì ni ó jẹ́ fún mi níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọwọ́ mọ́nú, pé bí mo bá bínú sí ẹni tí ń bá mi wo ọmọ, ara ọmọ náà ni yóò ti gbẹ̀san. Ọkọ mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ní kí n mú ọmọ náà kúrò níbẹ̀ kíá, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ṣé antí tó wà ní kíláàsì rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́ ni, àbí ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé kí n kọ ọ́ sí orí WhatsApp kíláàsì wọn ni, àbí kí n lọ fúnra mi? Kí ni mo lè sọ tí kò ní dà bí ẹni pé ìjà ni mo bá wá?

Olùkọ́ Àgbà, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké títí mo fi fẹ̀yìntì. Ojú òbí ni mo fi wo irú ọ̀rọ̀ báyìí rí, ojú olùkọ́ náà sì ni mo fi wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Antí tí ọmọ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bí o bá gba ọ̀dọ̀ ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ lọ, ohun tí antí náà yóò gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é sí ọ́fíìsì kì yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ omi mọ́. Ẹjọ́ ni yóò gbọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà lára owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá bí yóò ṣe gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ráyè rántí bí ọmọ rẹ ṣe lo ọjọ́ rẹ̀. Ti WhatsApp kíláàsì, má tilẹ̀ dá a lábàá. Ojú mi ni irú rẹ̀ ṣe, tí ọ̀rọ̀ kúlà oúnjẹ ọmọ kan di ìjà láàrin àwọn òbí rẹpẹtẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, tí ẹni tó ni kúlà gan-an kò sì rí ìdáhùn gbà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sábà máa ń wà nídìí ìgò omi tí kì í dín. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè wa sọ pé kí olùkọ́ kan má ṣe ní ju ọmọ 25 lọ ní kíláàsì àwọn tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí alágbàtọ́ kan má sì ṣe ní ju 10 lọ nínú àwọn ọmọ-ọwọ́. Inú ìwé ni ìyẹn wà o. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí owó wọn kò ga, antí kan ni ó ń dá mójú tó àwọn ọmọ tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìtọ̀ sì lè wà lẹ́yìnkùlé. Bí ó bá fa ọmọ kan lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ta ni yóò dúró ti àwọn yòókù tí wọ́n ti ń gun àga? Nítorí náà ni ó ṣe máa ń kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà lákòókò eré, bí ọmọ kan bá sì ní òun fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, yóò gbọ́ "Ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibẹ̀ ni." Bí ó bá pẹ́, antí tó ti rẹ̀ yóò rí i pé omi tí kò bá wọlé kò ní jáde, yóò sì kó gbogbo ìgò sí orí àpótí gíga kan títí di ìgbà oúnjẹ. Kì í ṣe ìwà ìkà ló ń gbà wọ́n lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè pa ọmọ lára. Èyí kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ̀ ọ́n kí o tó kúrò nílé, ohùn tí o máa fi sọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀.

Má sọ ọ́ láàárọ̀ lẹ́nu géètì, nígbà tí ọlọ́kadà ń dúró dè ọ́, tí ọmọ kan ń sunkún, tí antí sì ń gba báàgì lọ́wọ́ òbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Má sì sọ ọ́ lójú àwọn òbí yòókù bí wọ́n bá ń kó ọmọ wọn lọ. Sọ fún un láàárọ̀ pé, "Antí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ti dínkù lọ́sàn-án," kí o sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ náà má baà gbé e lọ́kàn sókè láti àárọ̀ dọ̀sán. Mú ìgò náà dání. Bí o bá rí ẹni tí yóò bá ọ di ọmọ náà mú lóde, ó dára, nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Bí ẹ bá wá jókòó, irú ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ nìyí: "Antí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ yìí dé kíláàsì yín, ìgò omi rẹ̀ ń padà wálé bí mo ṣe dì í, ó sì máa ń di ìtọ̀ mọ́ra títí a ó fi délé. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà ti le. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń rí i níbí?"

Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, dákẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń nira jù fún àwọn òbí, nítorí pé bí antí bá ti dákẹ́ díẹ̀, òbí yóò yára bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dáhùn. Kíyè sí i pé kò sí "ẹ ò fún un lómi" nínú gbogbo ohun tí mo kọ yẹn. Ohun tí ojú rẹ rí ni o sọ. Èyí tí ọkàn rẹ rò, fi í sílẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, kò sì sí ibi tí mo ti rí i kí ó ṣẹ tó ẹnu ọ̀nà kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà bá bèbí rẹ̀ sọ, má fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọmọ mìíràn ni ó ti gbọ́ ọ, bí o bá sì gbé e kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìjókòó yẹn yóò di "èmi kọ́ ni mo sọ ọ́." Bí antí bá ti tú ọkàn sílẹ̀, tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn méjì tí ń tọ́ ọmọ kan, nígbà náà ni o lè bi í pé, "Kí ni àwọn ọmọ máa ń sọ bí ọ̀kan nínú wọn bá tọ̀ sára?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ fún ọ. Kí ẹ tó dìde, ẹ fẹnu kò lórí ohun kan tí o lè fojú rí, fún àpẹẹrẹ pé kí ọmọ náà mu omi bí ó bá dé láàárọ̀ àti lẹ́yìn eré, kí wọ́n sì bi í bóyá ó fẹ́ tọ̀ kí wọ́n tó jẹun àti kí wọ́n tó sùn. Má béèrè ohun mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún.

Ohun tí ìyá ọkọ rẹ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé ìbínú òbí lé ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dójú tì níwájú èrò ni mo sábà máa ń rí tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ máa ń fẹ́ fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ òun.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Iléṣà

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo fẹ́ fi ti ìlera kún un, nítorí pé ó yẹ kí Ìyá Àkọ́bí mọ ohun tí ó ń gbé lọ síwájú antí.

Àpòòtọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kéré gan-an ni. Nǹkan bíi mílílítà 150 ni ó lè gbà kí ó tó kún, èyí kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan tí a ń rà lójú títì. Ọmọ tí ó bá ń di ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ń na àpòòtọ̀ rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, ìtọ̀ tí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ máa ń fún kòkòrò àrùn láàyè láti pọ̀ sí i. Bí omi kò bá wọlé, ìtọ̀ yóò pọ́n, yóò máa ta ọmọ bí ó bá ń jáde, ọmọ náà yóò sì tún bẹ̀rù láti tọ̀. Ìfun náà yóò fa omi inú ìgbẹ́ gbẹ, ìgbẹ́ náà yóò le, yóò sì máa ti àpòòtọ̀. Nítorí náà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa tọ̀ sára sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí kí ó má tọ̀ sára ni wọ́n ṣe dín omi rẹ̀ kù. Bí ẹ bá lè ṣàlàyé èyí fún antí náà pẹ̀lú sùúrù, mo rò pé ó lè yí i lọ́kàn padà ju bí ẹ ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ, torí pé iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni yóò fúyẹ́.

Ó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ṣì ń tọ̀ sára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọmọ. Láàrin ọdún méjì sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń mọ bí a ti ń sọ pé òun fẹ́ tọ̀, ti òru sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í ka títọ̀ sórí ẹní sí àìsàn nínú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá nà án tàbí tí wọ́n bá dójú tì í nítorí rẹ̀, ohun tí yóò kọ́ ni bí a ti ń fi í pamọ́.

Bí ó bá ní ibà, tí ó ń sunkún bí ó bá ń tọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ ń dùn ún, tàbí tí òórùn ìtọ̀ náà kò lọ lẹ́yìn tí ẹ ti ń fún un lómi dáadáa nílé, ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò ìtọ̀. Ní Iléṣà níbí, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ yín. Ní ti ìgbẹ́, ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó sí orí póò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ láìsí ìkánjú.

Ohun kan tó kù ni kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibi tí omi ìgò dé nígbà tí ó délé, bóyá ó tọ̀ sára, àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Àwa ará Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àlejò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild yìí kan náà, ni dókítà David Morley ti dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ sì ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti gbilẹ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n ń fi káàdì náà sí, ilé ìwòsàn kọ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ìyá àti òṣìṣẹ́ lè jọ wò ó pọ̀. Ìwé tí ẹ bá kọ yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn láàrin ẹ̀yin àti antí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè kọ ìwé péńpé kan pé kí wọ́n máa fún ọmọ yìí lómi lóòrèkóòrè. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fẹ́ bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Bàbá Modákẹ́kẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá, n kò sì fẹ́ ta ko àgbà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ń bẹ ẹni tí a ń san owó fún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti gbà wọlé, sọ nínú abala 11 pé iyì ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a bọ̀wọ̀ fún, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ ní ara tàbí ní ọkàn, kò sì gbọdọ̀ pa á tì. Fífi omi du ọmọ wà nínú ohun tí mo kà sí ìpatì. Ọkọ yín kò ṣìwí pátápátá. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó lọ bá tààrà, n ó sì mú un dání lórí ìwé, nítorí pé òun ló ní agbára láti gba antí kejì sí iṣẹ́. Antí tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí kò lè gbani síṣẹ́, kò sì lè tún ilé ìtọ̀ ṣe. N ó tún lọ síbẹ̀ ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí n lè fi ojú ara mi rí ibi tí wọ́n kó ìgò sí.

Olùkọ́ Àgbà, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa agbára ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ òótọ́, mo sì gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí a ti gbọ́ ti ẹnu antí ni mo rò pé ó yẹ kí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí nígbà náà ni a óò mọ ohun tí a ń bá a béèrè. Kí a má ṣe gbàgbé pé owó tí a ń san fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó ń dé ọwọ́ antí. Díẹ̀ ni ó ń kàn án. Ìwé kíkọ dára bákan náà, kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìjókòó: àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú pé, "Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ fún mi, ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí." Bí nǹkan kò bá yí padà, àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni ẹ óò mú lọ sí iwájú, kódà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ti ìbẹ̀wò òjijì, òbí ní ẹ̀tọ́ láti wo ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òbí lójú máa ń kọ mí lóminú. Àmọ́ kí ó má jẹ́ òun ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n kò ní ní kí ẹ fi sùúrù gbé: bí ẹ bá rí àpá lára ọmọ, tàbí tí ọmọ bá sọ pé wọ́n so òun mọ́ nǹkan tàbí wọ́n ti òun mọ́ ibi òkùnkùn, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Àkọ́bí, Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti lọ. N kò rí àpá kankan lára rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà Màmá ni mo tọ̀.

Nígbà tí mo béèrè ìbéèrè náà tán, antí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí ìdérí ìgò náà ṣíṣí, ó ń yí i dé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan. Ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ìgò títí di ìgbà oúnjẹ, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn òbí kan wá fẹjọ́ sùn ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù pé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ń tutù, pé ṣé wọn kì í bójú tó wọn ni. Antí kejì tí ó ń ràn án lọ́wọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ilé ìtọ̀ tí wọ́n ń lò, àwọn àti àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó, ihò rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn kékeré láti tẹ̀ lé e lórí. Inú kànga ni wọ́n sì ti ń fa omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó wo inú rẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ tọ̀ mọ́. N kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún mi nílé.

Mo sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ nípa ìgbẹ́ àti àpòòtọ̀ fún un. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, ó sì ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun kí òun lè fi han ọ̀gá òun. A jọ lọ rí ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, antí fúnra rẹ̀ ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí n kò retí. Ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ gbà kí wọ́n kó ìgò sílẹ̀ síbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ lè tó o. Ti antí kejì, ó ní di táàmù tí ń bọ̀. Mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn sí i pé mo béèrè. Èmi àti òbí méjì mìíràn ti ra póò, wọ́n sì gbé wọn sí igun kíláàsì lẹ́yìn aṣọ títa kan.

Ọ̀rọ̀ bèbí náà, mo béèrè bí Màmá ṣe ní kí n béèrè. Antí ní àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, pé òun máa ń bá wọn wí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́lẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́, nítorí náà mo ṣì ń fi etí sílẹ̀.

Ìgò náà ti ń padà wálé lábẹ́ ìlà, bí kì í tilẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Ọkọ mi ṣì ní kí a wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wò, a sì ti fi sí ìparí táàmù. Ìbéèrè kan ni ó kù: ọmọ púpọ̀ ni yóò máa jókòó lórí póò méjì tàbí mẹ́ta yìí. Ṣé kò ní kó àrùn ràn wọ́n? Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ni mo lè retí pé yóò rọ̀, torí ó ṣì ń sunkún díẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àkọ́bí. Póò kò ní kó àrùn ràn wọ́n bí wọ́n bá ń da ohun inú rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀ sínú ilé ìtọ̀, tí wọ́n ń fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kí ọmọ mìíràn tó jókòó sí i, tí wọ́n sì ń fi omi tí wọ́n po bílíìṣì díẹ̀ mọ́ ṣàn án ní ìparí ọjọ́, kí wọ́n sá a sí oòrùn. Kí wọ́n fọ ọwọ́ ọmọ, kí antí náà sì fọ ọwọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí ọwọ́ ló ń gbé ìgbẹ́ gbuuru kiri ju póò lọ. Bí kànga bá jìnnà, kí wọ́n fi korobá omi kan tó ní ìdérí le àti ife sí ẹ̀yìn aṣọ títa yẹn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n kí ó wà ní òkè tí ọmọdé kò lè dé, torí ọmọ kékeré lè rì sínú omi korobá. Ibi gíga kan náà ni kí bílíìṣì wà.

Ní ti ìgbẹ́, ẹ má retí pé yóò rọ̀ lójijì. Ọmọ tí ó ti ń dì í mọ́ra máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn mìíràn a tó oṣù, nítorí pé ìrora ti wà lọ́kàn rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ti rọ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí kò bá yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ẹ gbé e wá kí dókítà kọ oògùn tí ń rọ ìgbẹ́ fún un, ẹ sì mú ìwé tí ẹ ń kọ náà dání.